Ọmú Télọ̀ Ò Ní Májèlé

Bí ẹ bá dé ilé télọ̀ kan báyìí, ọpẹ́ lẹ óò máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ kó tó dọ́pẹ́, ojú rẹ̀ rí nǹkan.

Bó bá ti fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, ara ọmọ á sú, á bì, á sì ké títí. Dókítà ní wàrà màlúù ni kò bá a lára mu, pé kí ìyá yé jẹ ẹ́, torí ó ń gba inú ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Télọ̀ gbọ́ràn. Ara ọmọ rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún sú. Télọ̀ ni, gígé ló mọ̀. Ló bá gé ẹyin kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, ó gé ẹja, ó gé ẹ̀wà. Nígbà tó yá, ìrẹsì oníyọ̀ ló kù, àti ọ́ọ̀tì, ọkà òyìnbó tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń sè bí ògì fún un láràárọ̀.

"Aláàwẹ̀, ààwẹ̀ wo lò ń gbà?" Bí ìyá náà ṣe máa ń bá a ṣẹ̀fẹ̀ nìyẹn.

Télọ̀ kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Á jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ẹkún á sì gbọ̀n ọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Mọ́mì, ẹ gba ọmọ yìí. Májèlé ló wà nínú ọmú mi. Á sàn fún un bí mi ò bá sí."

Ẹ̀rù ba ìyá àgbà. Kò bá a jiyàn. Ó pọn ọmọ, ó di télọ̀ lọ́wọ́ mú, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó sì sọ ohun tó gbọ́.

Ìyá ọmọ ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wò. "Ẹ̀yin ńkọ́, ìyá ọmọ? Ṣé ẹ̀ ń sùn? Ṣé ó ń wá sí yín lọ́kàn láti pa ara yín tàbí ọmọ lára?"

"Rárá, kò wá sí mi lọ́kàn. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Mo ti yọ gbogbo nǹkan tán, nọ́ọ̀sì. Èmi fúnra mi ló kù kí n yọ."

Ìyá ọkọ rẹ̀ sọ orí kodò. "Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí. Mo rí i pé ó ń gbẹ, ni mo bá ń po mílíìkì díẹ̀ mọ́ ọ́ọ̀tì rẹ̀. Mo rò pé díẹ̀ ò lè ṣe nǹkan kan."

Ó yẹ kínú bí télọ̀. Ohun tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ṣé kì í ṣe èmi?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin," nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. "Ọmú yín dáa, ẹ máa fún un lọ. Mílíìkì àtohun tí wọ́n bá fi í ṣe nìkan ni kẹ́ ẹ yẹra fún. Dókítà á sọ ohun tẹ́ ẹ máa jẹ dípò rẹ̀. Ìbànújẹ́ yìí náà, àìsàn ni, ó sì nítọ̀ọ́jú. Ẹ máa rí dókítà tó ń tọ́jú irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọlé. Mọ́mì, ìfẹ́ lẹ fi ṣe é, àmọ́ díẹ̀ náà ń pa ọmọ lára."

Kò sàn lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ara ọmọ ń jọ̀lọ̀, ìyá àgbà ń gbé e lọ́sàn-án kí télọ̀ lè sùn, dókítà sì ń bá a sọ̀rọ̀. Télọ̀ ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́mì. Wọn ò sọ pé àsọdùn ni mò ń sọ. Wọ́n gbà mí gbọ́."

Ẹ̀yin òbí, ẹ má dá yọ oúnjẹ láìbi dókítà. Ohun tó bá ní kí ìyá ọmọ má jẹ, ẹ má fi tàánútàánú bù ú sí oúnjẹ rẹ̀. Bí ètè ọmọ bá wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Bí ìyá ọmọ bá ní ó sàn kóun má sí, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ẹ bá sì lọ kí ọmọ tuntun, ẹ béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ.