Ọta Wúwo, Pákó Àtijọ́

Eku ló dá wàhálà sílẹ̀ nílé Ẹlẹ́yin. Adìyẹ ni ọkùnrin náà ń sìn, ẹyin tó ń tà ló sì di orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn aládùúgbò. Eku ń já àpò oúnjẹ adìyẹ ya, wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n rà á fún. Kò fẹ́ lo májèlé nítorí àwọn adìyẹ, ló bá ra ìbọn afẹ́fẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń fún afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà rẹ̀ kí wọ́n tó yìn ín.

Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, á ti pákó kan tó nípọn mọ́ ògiri lẹ́yìn àwọn àpò náà, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa ṣọ́ eku. Ọta fúyẹ́ ló ń lò nígbà náà. Èyí tó bá tàsé, inú pákó ló ń há sí, Ẹlẹ́yin á sì fi ọ̀bẹ yọ ọ́, á máa rẹ́rìn-ín.

Pákó fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe ògiri ọ̀hún. Yàrá kékeré kan tó ṣókùnkùn wà lódìkejì rẹ̀, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti máa ń gbé ẹyin sójú tọ́ọ̀ṣì lọ́kọ̀ọ̀kan, láti mọ èyí tó ti sán àti èyí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Á di ojú òsì, á fi tọ̀tún wò ó. Bó bá ti ní ẹyin kan ò dáa, ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn.

Nígbà tó yá, àwọn eku ńlá ń gba ọta sára, wọ́n sì ń sá lọ. Èyí ò dùn mọ́ Ẹlẹ́yin rárá. Ó lọ ra ọta tó wúwo ní ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Ó yìn ín, ọta ń rìn bí ẹni tí kò jẹun, ó ń balẹ̀ kó tó débi tó fojú sùn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìbọn ṣe. Ó fún sípíríǹgì inú rẹ̀ le sí i, kí afẹ́fẹ́ tó ń ti ọta jáde lè pọ̀ sí i. Ó yìn ín, ó tún fún un, títí ọta wúwo fi ń wọ ojú ihò kan náà lórí bébà tó gbé kọ́ láti máa fojú sùn. Ẹ ò bá rí ayọ̀ ọkùnrin yìí. Ó ń fi bébà han ẹni tó béèrè àtẹni tí kò béèrè.

Ó mú un lọ síbi tí àwọn tó ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ dárayá ti ń pàdé. Obìnrin tó ń bójú tó ààbò níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Àǹtí Tún-un-wò, torí kò sóhun tẹ́ ẹ máa fi hàn án tí kò ní ní kẹ́ ẹ tún wò. Ó gbà pé iṣẹ́ náà dáa. Ó wá béèrè ohun tó ń dá ọta dúró nílé. Ẹlẹ́yin ní pákó ni, pé ó ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yẹn. Àǹtí ní kó fi ọta tuntun dán pákó náà wò níbi tí kò séèyàn. Ó ní òun á ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ lọ́kàn rẹ̀, ó ní obìnrin yìí ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Ó ní ìró ìbọn ọ̀hún ti yí padà, pé ó ń dun òun létí nínú yàrá ẹyin.

"Ìyá wọn, afẹ́fẹ́ lásán ni," ló fi dá a lóhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, eku ńlá kan yọ sórí àpò. Ẹlẹ́yin fojú sùn ún, ó yìnbọn, eku ṣubú. Ibi tó ti ń bá ara rẹ̀ yọ̀ ló ti gbọ́ tí ẹyin ń fọ́ lódìkejì ògiri, odindi kíréètì kan. Ó pe ìyàwó rẹ̀, kò dáhùn. Nígbà tó máa débẹ̀, obìnrin náà ti jókòó sílẹ̀ láàárín ẹyin fífọ́, ó fọwọ́ méjèèjì bo ojú ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

Dókítà ojú yọ ọta náà. Ó ní kí wọ́n dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò lọ sí i, àmọ́ ojú yẹn ti lọ. Ẹlẹ́yin káwọ́ lérí ní ọsíbítù, ó ń sunkún bí ọmọdé, kò bìkítà fún ẹni tó ń wò ó.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Àǹtí Tún-un-wò wá kí wọn. Ẹlẹ́yin mú un lọ wo pákó náà. Ọta fúyẹ́ ṣì há sí i lára káàkiri. Ó ní kò yé òun, pé kò sí èyí tó gba inú pákó yìí kọjá rí.

Àǹtí fi ìka kan ihò kan tó lu pákó náà já.

"Ọ̀gá, pákó ò yí padà, ẹ̀yin lẹ yí ìbọn padà. Ọta tó wúwo ní ìlọ́po méjì, tó wá ń sáré bíi ti èyí tó fúyẹ́, agbára rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì nìyẹn. Ó gba ara eku kọjá, ó gba pákó, ó gba ògiri. Bébà tẹ́ ẹ̀ ń fi han gbogbo wa, ibi tí ọta máa bà ló sọ fún yín. Kò sọ ibi tó máa dúró."

"Ẹ ti sọ fún mi, Àǹtí. Èmi ni mi ò gbọ́."

"Mo sọ ọ́, àmọ́ ó yẹ kí n tẹ̀ lé yín wálé."

Ẹlẹ́yin ló ń wo ẹyin báyìí. Kò mọ̀ ọ́n wò, àwọn oníbàárà sì ń dá èyí tó bàjẹ́ padà. Níjọ́ kan, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà sì dá a dúró.

"Bàbá wọn, mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Ẹ mọ̀ pé mo wà nínú yàrá yẹn. Kí ni ì bá ná yín láti ní kí n jáde?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìbọn afẹ́fẹ́ nílé, ẹ jọ̀ọ́. Bẹ́ ẹ bá ti yí ìwọ̀n ọta padà, tẹ́ ẹ sì tún ìbọn ṣe nítorí rẹ̀, ìbọn mìíràn lẹ gbé dání yẹn. Ẹ má fọkàn tán ohun tó ń dá ọta àtijọ́ dúró. Ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìbọn yíyìn ni kẹ́ ẹ ti dán an wò, lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, níwájú òkìtì yẹ̀pẹ̀ tó ga. Ẹ má kọjú ìbọn síbi téèyàn lè wà lẹ́yìn rẹ̀, kódà kí ògiri wà láàárín. Kẹ́ ẹ tó yìn ín, ẹ pe àwọn ará ilé yín jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ pè wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì lè fi ojú méjèèjì wò yín.