Ọkùnrin tó Jókòó Lábẹ́ Tánkì Omi

Nígbà àkọ́kọ́ tí a wo fíìmù náà, ọkùnrin tó jókòó lábẹ́ tánkì omi kọ ẹ̀yìn sí wa. Nígbà tí a wò ó lẹ́ẹ̀kejì, mo ti ń rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo bi Yàhàyá tó ń yí ẹ̀rọ bóyá fíìmù mìíràn ló fi sí i.

"Kai, Madam, òun náà ni," ó ní. "Fíìmù kì í yí padà. Ohun tí wọ́n bá ti yà, wọ́n ti yà á nìyẹn."

Iṣẹ́ wa nìyẹn l'Ábùjá lọ́dún 2016: kí a máa wo fíìmù tí àwọn òyìnbó yà nípa rélùwéè láyé àtijọ́, kí a sọ ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́, kí a sì dá ibùdókọ̀ rẹ̀ mọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ìgbà náà, èédú ló ń jẹ, omi ló ń mu. Ibi tó bá ti ń dúró, tánkì omi á wà níbẹ̀, òkìtì èédú á wà, kòtò tí wọ́n ń da eérú rẹ̀ sí á sì wà láàárín irin. Mo mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó. Ṣùgbọ́n fíìmù yìí kò lórúkọ. Tánkì kan ló wà níbẹ̀ lórí òpó olókùúta mẹ́rin. Òṣìṣẹ́ méjì dúró ti ọkùnrin tó jókòó náà, ọ̀kan mú abẹ lọ́wọ́, ó ń fá a lórí.

"Onígbàjámọ̀ ni," ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmọ, wí. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Olúfúnkẹ́, ká máa lọ."

Èmi kọ̀, n kò kọ nǹkan kan. Onígbàjámọ̀ wo ló ń gé èékánná ẹsẹ̀ oníbàárà? Kí ló dé tí ẹnì kejì fi di orí ọkùnrin náà mú bí ẹni di ọrùn ọmọ tuntun mú? Mo ní kí Yàhàyá tún un yí. Ọkùnrin yẹn ti kú! Wọ́n gbé e jókòó ni, wọ́n ń mú ẹ̀ta rẹ̀. Ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀ tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni àwọn baba wa máa ń mú wálé lọ sin, kó má bàa di alárìnkiri. Ẹni tó mú abẹ wé wọn sínú aṣọ funfun. Ibi tó fi aṣọ náà sí, ara òkú bò ó.

Nígbà yẹn ni òkú náà yí orí díẹ̀ sí i. Etí òsì rẹ̀ yọ, kò ní ṣóńṣó. Mo figbe ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Bàbá ìyá mi, Hezekiah, kúrò n'Íkirun lọ ṣiṣẹ́ rélùwéè l'Ókè Ọya, kò sì padà mọ́. Aráyé ní ó sá tẹ̀lé obìnrin. Ìyá ìyá mi kọ̀, kò ṣọ̀fọ̀, kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Ojú ọ̀nà ló ń wò títí tó fi kú. "Ọmọ asálọ" ni wọ́n ń pe ìyá mi kiri àdúgbò. Ohun kan ṣoṣo tó rántí lára bàbá rẹ̀ ni etí òsì tí ajá bù jẹ lọ́mọdé. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí, àìsàn sì ti dá a gúnlẹ̀ sílé mi ní Kabusa, l'Ábùjá níbí. Gbogbo ìgbà ló ń bi mí pé, "Fúnkẹ́, bí mo bá dé ọ̀hún, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá mi?"

Ọ̀gá wa náà rí i tí òkú yí orí. Eré ló sá jáde. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àdúrà ọ́fíìsì wa, ó ní ẹ̀mí òkùnkùn ni, ó sì pàṣẹ pé lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ Ẹtì, a ó sun fíìmù náà.

"Ẹ ó sun ta ni?" mo bi í. "Ọ̀gá, mo ń gbàdúrà bí ẹ ṣe ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní sun bàbá ìyá mi níṣojú mi."

"Ṣé o fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ ṣeré ni?"

"Ẹ gbà á. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀."

Lọ́jọ́bọ̀, mo gbé Màámi wá. Yàhàyá pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn, ó tilẹ̀kùn, ó yí ẹ̀rọ. Òkú náà ti kọjú sí wa pátápátá. Ó lajú. Ètè rẹ̀ ń mì, bẹ́ẹ̀ fíìmù náà kò ní ohùn.

"Àníkẹ́ ló ń pè," ni Màámi sọ wẹ́lẹ́. Oríkì rẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé. Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í dá òkú lóhùn?

Ó ká ọwọ́ mi kúrò. "Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń pè tí kò dáhùn, ọmọ wo nìyẹn? Bàbá mi, èmi rèé o!"

Òórùn èédú gba inú yàrá. Òkú náà sún díẹ̀, ó na ìka sí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ihò kan wà lẹ́sẹ̀ òpó tí ara rẹ̀ ti ń bò látọjọ́ yìí. Ẹ̀rọ kú fúnra rẹ̀.

Yàhàyá di orí mú. "Wallahi, Madam, mo mọ ihò yẹn! Ibẹ̀ la ti ń so ewúrẹ́ lábúlé ìyá mi, lọ́nà Bàró. Òpó nìkan ló kù níbẹ̀. Èmi ò mọ̀ pé tánkì wà lórí rẹ̀ rí."

Mo ti fíìmù náà bọ àpò mi, mo gbé e lọ sílé. Ẹni tó bá fẹ́ sun ún, kó wá gbà á ní Kabusa! Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti Yàhàyá dé ìdí òpó náà. Mo ki ọwọ́ bọ ihò, aṣọ kan wà níbẹ̀, ó ti pọ́n bí ilẹ̀. Iwájú Màámi ni mo ti tú u. Ọ̀dọ́ ni bàbá náà nígbà tó kú, irun tí wọ́n fá lórí rẹ̀ nínú fíìmù dúdú kirimú. Irun inú aṣọ náà funfun báláú. Èékánná ibẹ̀ kún ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n ju ti èèyàn kan lọ. Wọ́n ṣì ń hù.

Màámi kò bẹ̀rù rárá. Ó gbé e lé àyà, ó sunkún. "Ó ń darúgbó níbẹ̀, ó ń dúró dè mí."

A sin ín n'Íkirun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Màámi ní kí n mú òun gba gbogbo àdúgbò kọjá, ó ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan pé, "Bàbá mi kò sá! Ẹ jáde wá gbọ́, Hezekiah kò sá!"

Nígbà tí mo gbé fíìmù náà padà sí ọ́fíìsì, a tún un wò. Kò sẹ́nì kankan lórí ìjókòó mọ́. Àwọn méjèèjì ṣì dúró, abẹ ń fá afẹ́fẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmọ wọlé, agolo epo bẹntiróòlù lọ́wọ́, ó ní kí n gbé fíìmù náà fún òun.

Ìgbà yẹn ni ẹni tó mú abẹ, tó ti kọ ẹ̀yìn sí wa látilẹ̀wá, bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí.

"Ọ̀gá, bàbá ẹnìkan lèyí náà," mo wí. "Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó ṣáná sí i. Ó lè jẹ́ tiyín."

Ó gbé agolo sílẹ̀, ó fa àga, ó jókòó, ó ní kí Yàhàyá pa iná yàrá.