Kọ́sítáàdì Tó Ṣomi

Bí ọ̀bẹ ṣe kan páì náà ni kọ́sítáàdì inú rẹ̀ ṣàn jáde, tó gba orí tábìlì lọ sílẹ̀. Àìṣát káwọ́ lérí. Páì yìí ni Rauf, ọkọ rẹ̀, fẹ́ tọ́ wò kó tó yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣàngó fún un.

Ìdí ìṣínu ni wọ́n wà, nílé Rauf ní Itele. Rauf ju ṣíbí sínú abọ́ ògì rẹ̀ tó ki, tó ti mu dé ìdajì. Ó kọjú sí Susanna, ayálégbé rẹ̀.

"Ìwọ lo ni ófùnù. Ìwọ náà ń ta kéèkì. O bomi sí i, àbí? Bílẹ̀ bá mọ́, kó ẹrù rẹ kúrò nílé mi."

Susanna dìde dúró. Ike omi tó fẹ́ fi ṣínu ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọ tiwọn náà ń gbààwẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n sì jọ ń ṣínu.

Màmá Ṣótúndé, aládùúgbò wọn, gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. Ó ti ṣe ọlọ́pàá títí ó fi fẹ̀yìntì, kò sì sí ohun tó kórìíra tó ẹjọ́ tí wọ́n dá kí wọ́n tó rò ó.

"Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Rauf, jẹ́ n béèrè."

Ó fìka kan kọ́sítáàdì náà, ó lá a. Adùn rẹ̀ pé, mílíìkì rẹ̀ ò dín. "Wọn ò bomi sí èyí. Àìṣát, báwo lo ṣe ṣe é?"

"Mo fi bọ́tà po fúláwà, Àǹtí Susanna bá mi yan án. Mo lu ẹyin mọ́ ṣúgà, mílíìkì àti iyẹ̀fun àgbàdo, mo rò ó lórí iná títí ó fi ki. Ó ki dáadáa, Màmá. Mo gbé e sílẹ̀ kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo lọ kírun Àlàásárì. Nígbà tí mo dé, ó ti rọ̀ díẹ̀, mo rò pé á tún ki tó bá tutù. Mo dà á sínú páì, mo bò ó."

"O tọ́ ọ wò?"

"Mo wà nínú ààwẹ̀, Màmá."

"Ta ló wà nílé ìdáná nígbà yẹn?"

"Èmi ń nu ófùnù," ni Susanna wí. "Mo kàn jáde lọ da ìdọ̀tí nù."

"Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń gé àlùbọ́sà àkàrà," ni Kàfáyá, ìyáálé Àìṣát, sọ láìgbójú sókè. "Ṣùgbọ́n kí lèmi aláàwẹ̀ máa fi kọ́sítáàdì ṣe?"

Màmá Ṣótúndé jáde. Ó rìn dé ẹ̀yìnkùlé, níbi tí kẹ́tùlù àlùwàlá wọn wà. Àràárọ̀ ni Àìṣát máa ń pọn omi kún gbogbo wọn. Ti Rauf ti gbẹ. Ti Àìṣát náà ti gbẹ. Ti Kàfáyá kún dẹ́nu.

Ó padà wọlé, ó gbé abọ́ ògì Rauf sókè.

"Èyí ki nígbà tó o bẹ̀rẹ̀. Wò ó báyìí."

Ògì náà ti ṣomi.

"Ṣíbí tó bá tẹnu bọ̀, tó padà sínú ògì, á sọ ọ́ domi. Àgbàdo ló mú kọ́sítáàdì náà ki. Ẹni tó fi ṣíbí tó lá ro èyí kò sí nínú ààwẹ̀ lónìí. Susanna nìyí, ẹ wo bí ètè rẹ̀ ṣe gbẹ. Kàfáyá, kẹ́tùlù rẹ kún. Ìwọ tí o kì í pa ìrun jẹ, kí ló dá ẹ dúró?"

Kàfáyá rọra jókòó.

"Nǹkan oṣù mi ni, n ò lè gbààwẹ̀, n ò lè kírun. Mo ti ń retí pé kò ní dé mọ́, pé mo ti lóyún, àfi bó ṣe tún dé láàárọ̀ yìí. Mo wọ ilé ìdáná, mo bá Àìṣát tó ń kọrin lórí ìkòkò, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tún ń bọ̀. Owú bò mí lójú. Ìyá mi ló kọ́ mi pé kí n má fi itọ́ kan ògì. Mo lá ṣíbí, mo rò ó. Mo tún lá a, mo tún rò ó. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Rauf bẹ Susanna. Susanna gbà, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀.

Àìṣát nu tábìlì tán. Ó mú ṣíbí kan tó mọ́, ó fi lé Kàfáyá lọ́wọ́.

"Lọ́la ni mo máa tún un ṣe, ìyáálé mi. Gbogbo àwa yòókù la máa wà nínú ààwẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa bá mi tọ́ ọ wò."

Omijé bọ́ lójú Kàfáyá.

"Bẹ́ ẹ bá ti tọ́ ọ wò," ni Àìṣát wí, "kẹ́ ẹ fọ ṣíbí."