Obìnrin Tó Ń Gbé Nísàlẹ̀

Obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ ti kí ìyàwó ní Yorùbá kí ìyàwó tó la ẹnu rárá. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe é ní kàyéfì nìyẹn. Látìgbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti dé ìlú òtútù yìí, wọn ò tíì gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíì. Ó ń gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá wọn, ó ń mí gúlegúle, oyún ti wọ oṣù rẹ̀, ló bá gbọ́ ohùn lẹ́yìn.

"Ìyàwó mi, rọra o. Kò sẹ́ni tó ń lé ọ."

Arúgbó kan ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ró ìró kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ tó tutù bí irin.

"Ẹ kúulé o, mà. Ẹ̀yin náà ti ilé wá?"

"Ó ti pẹ́. Ṣé o ti jẹun?"

Kí n má purọ́, inú ìyàwó dùn débi pé kò wo ẹsẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Irun ló ń dì jẹun nílé; ó mọ orí ọmọ aráyé, àmọ́ kò wẹ ọmọ tuntun rí. Ìyá tirẹ̀ ti kú, ìyá ọkọ náà ti kú kó tó mọ ọkọ. Ta ni yóò wá wẹ ọmọ? Ẹ̀rù yìí kì í jẹ́ kó sùn. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Ilẹ̀ kì í mọ́ kó tó jáde, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó wọlé.

"Búrẹ́dì wo ni wọ́n ń yan níbẹ̀ tí kì í jinná?" Ìyàwó ti ń fura pé ọkọ ní obìnrin mìíràn níta.

"Àwọn ará ibí ń jẹun, ìyá ọmọ mi." Ọkọ á yíjú.

Bí arúgbó ṣe di ẹni tó ń gòkè wá lójoojúmọ́ nìyẹn. Á na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, á tẹ́ ìrọ̀rí lé e bí ọmọ, á fi ṣàpẹẹrẹ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́, bí wọ́n ṣe ń na apá, bí wọ́n ṣe ń di orí mú. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbóná. Bí wọ́n bá gbé tíì fún un, èéfín rẹ̀ á dáwọ́ dúró ní kété tó bá fọwọ́ kan ife. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún:

"Má jẹ́ kí ọkọ rẹ rí mi o. Mi ò lágbára ọ̀rọ̀ ọkùnrin mọ́."

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó ń wá ìbọ̀sẹ̀ nínú àpò ọkọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó rí fọ́tò kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tí ọkọ kọ "Ìyá mi" sí lẹ́yìn. Ó yí i padà. Ó jókòó sílẹ̀.

Ìyá ọkọ ni. Arúgbó ìsàlẹ̀ sì ni.

Ó mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Àkúdàáyà: ẹni tó kú tó tún lọ ń gbé ìlú tí ẹnì kan ò ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá rí ojú rẹ̀, ó pòórá, ó tán. Òun ìyàwó ò mọ̀ ọ́n láyé, ìdí nìyẹn tó fi lè jókòó tì í. Ó dìde bí ẹni tó fẹ́ sá. Àmọ́ níbo ló fẹ́ sá lọ? Ẹni tí òjò ń pa kì í bèèrè ẹni tó ni òrùlé. Ó dá fọ́tò padà, ó pa ẹnu dé.

Nígbà tí ọkọ dé, ó wo àpò, ó wo ojú ìyàwó.

"Jọ̀ọ́, má dárúkọ rẹ̀," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"O mọ̀?"

"Ọjọ́ tí a dé. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀yìn tó pọ̀n mí, ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n ni? Mo yára yíjú kó tó bojú wẹ̀yìn. Ọ̀sán niṣẹ́ mi ń parí. Mo kàn ń rìn kiri nínú òtútù ni. Bí mo bá rí ojú rẹ̀, ta ni yóò wẹ ọmọ?"

Ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù, àmọ́ ti alààyè ni.

"Ṣé orúnkún ṣì ń dùn ún?" ọkọ bèèrè.

"Ó ní kò dun òun mọ́."

Ọmọ dé wọ́ọ́rọ́wọ́, obìnrin ni. Ọ̀sán ni wọ́n gbé e wálé láti ilé ìwòsàn, ọkọ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹrù kalẹ̀ nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Kò sí ibi tó fẹ́ gbà jáde. Ó fò sórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri, ó fi kúbùsù bo orí.

Arúgbó wọlé. Ó na ẹsẹ̀, ó gba ọmọ. Bó ṣe ń bu omi lé e, ó ń ki oríkì ilé ọkọ fún un jẹ́jẹ́, láti orí baba ńlá wá sílẹ̀. Ọmọ dákẹ́. Lábẹ́ kúbùsù, èjìká ọkọ ń gbọ̀n.

"Ọkọ rẹ ń sùn?"

"Ó ń sùn, mà."

Arúgbó wo kúbùsù náà títí. Ẹ̀rù ba ìyàwó.

"Ẹni tó ń sùn kì í gbọ̀n báyẹn," ló wí. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. "Sọ fún un kó tún sùn lọ́la o. Ọrùn ọmọ yìí ò tíì mọ́ tó bí mo ṣe fẹ́."