Ilé Tí Verlin Stroud Ń Fà

Verlin Stroud mọ òtítọ́, ó sì pa á mọ́. Òun ló ń ta ìkọ́ tí a fi ń so ilé mọ́ ọkọ̀, èyí tí kò yẹ ni ó sì dè mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ Ardith Tasker. Nígbà tí ìkọ́ náà sì ba ojú ọkọ obìnrin yìí jẹ́, Verlin dúró láàrin wa, ó ní òun ti kìlọ̀ fún un, pé kò gbọ́ràn ni. Ẹ̀ṣẹ̀ náà nìyẹn. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá a kiri nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ṣẹlẹ̀ lójú mi. Mo jókòó nínú ọkọ̀ Verlin fúnra mi. N kì í mutí, n kò sì sùn lọ. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi Marlys tó ni àgọ́ wa. Òun náà rí ipa táyà.

Ìgbà ìkórè bíìtì ni, gbòǹgbò funfun tí a fi ń ṣe ṣúgà, ní Àríwá Dakota. Lọ́dọọdún ni àwa tí a ń gbé inú ilé onítáyà máa ń kóra jọ sí àgọ́ Marlys láti ṣiṣẹ́ náà. Tí iṣẹ́ bá parí, kálukú á so ilé rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, á fà á lọ síbi tí òtútù kò ti le.

A ní àṣà kan. Kò sẹ́ni tó ń dá nìkan so ilé. Wàá fi ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ, níbi tí a de ìkọ́ mọ́, rìn wọ abẹ́ ọrùn ilé, imú rẹ̀ tó yọ síwájú. Irin ọrùn á wọ ẹnu ìkọ́, ìkọ́ á pa ẹnu dé. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá dá a lójú pé ìkọ́ ti di irin náà mú, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Gbà, gbà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé ti wà lẹ́yìn rẹ, máa lọ. Bí a kò bá tíì gbọ́ ìró yẹn, a kì í kúrò lójú kan.

Ọkọ̀ Ardith kúrú lẹ́yìn. Ọkọ̀ tó gùn lẹ́yìn kò ní wàhálà, torí àyè pọ̀ láàrin ilé àti orí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí èyí tó kúrú bá yà ní kọ́ọ̀nà tó há, igun ilé á yí wá kan gíláàsì, bí ẹni tó ru pákó gígùn tó sì ṣàdédé wẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ìkọ́ asúnsẹ́yìn. Bí kọ́ọ̀nà bá há, ìkọ́ yìí á sún ilé sẹ́yìn, àyè á ṣí. Ìkọ́ adúrósójúkan kì í sún. Ẹni tó ń ta ìkọ́ kò lè ní òun kò mọ èyí. Ṣé ẹni tó ń ta bàtà lè ní òun kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ní ìwọ̀n?

Ardith pàápàá mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì fi ha ògiri rí. Ó mú téèpù lọ sí ṣọ́ọ̀bù Verlin, ó wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ níṣojú ọkùnrin náà, ó ní àyè yìí kò tó. Verlin rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ti gé igun imú ilé rẹ̀ sọnù láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, kò lè kan nǹkan kan, adúrósójúkan ti tó o. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé asúnsẹ́yìn ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ kí obìnrin náà lọ bá ẹlòmíràn ní ìlú kejì. Ardith ká téèpù rẹ̀. Ó gbà á gbọ́, nítorí ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ni à ń gbà gbọ́ lórí iṣẹ́ náà.

Ẹnu ọ̀nà àgọ́ Marlys ló ti ṣẹlẹ̀. Ardith ń rọra yà wọlé bí ìgbín. Orrin ọkọ rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó yíjú sẹ́yìn láti bá a wo táyà. Igun ilé yí wá. Gíláàsì fọ́. Ojú ọ̀tún Orrin lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, níbi oúnjẹ àjọjẹ wa, Verlin bu ẹran sínú àwo rẹ̀, ó ní, “Mo sọ fún un o. Mo ní kó dúró de asúnsẹ́yìn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, àwọn ọmọdé nìkan ló máa ń gbọ́ tirẹ̀, òun kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ardith wò ó, ó gbé àwo rẹ̀, ó jáde. Bóyá ó rò pé ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti fọ́jú kan kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà kò fọwọ́ kan sítíárìn. Ó lẹ páálí mọ́ ara ilé wọn pé títà ni. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò dé lọ́jọ́ Ajé kan lẹ́yìn ìkórè, àwọn méjèèjì yóò sì lọ máa gbé yàrá abẹ́ ilé ọmọ wọn. Orrin kò dá a lẹ́bi. Ó sọ fún mi pé, “Lowell, ojú kan ṣì kù fún mi. Ìyàwó mi ni kò ríran rí ọ̀nà mọ́.”

Ìrì dídì àkọ́kọ́ ti ń bọ́ nígbà tí Verlin wá kanlẹ̀kùn mi ní ìrọ̀lẹ́. Ó ti ṣí fìlà lórí. Tẹ́lẹ̀ rí, “Baba Jágajàga” ló máa ń pè mí, nítorí ilé mi ti gbó.

“Ẹ̀gbọ́n Lowell,” ni ó wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo ẹ̀yìn ọkọ̀ mi.”

Mo tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ṣófo. Kò sí igi, kò sí irin, kò tilẹ̀ sí ìkọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí ọkọ̀ náà ti wọlẹ̀. Sípíríǹgì ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, bí ìgbà tí odindi ilé bá gbé ọrùn lé e. Mo na ọwọ́ sí àárín rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni. Ó kàn tutù ju ti ibòmíràn lọ ni.

“Ta ló so ilé mọ́ ẹ lẹ́yìn?” Mo fi ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá ti jókòó, kí òun tó yí kọ́kọ́rọ́, òun ń gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ lára gíláàsì ẹ̀yìn. Òun á sọ̀ kalẹ̀, òun kò ní rí ẹnì kan. Ọkọ̀ á wá wúwo.

Mo sọ fún un pé ẹ̀rù kò ba mi. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Mo wọ inú ọkọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo ní kó máa wà á.

Gbogbo pápá dákẹ́. Atẹ́gùn kò fẹ́. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó bíìtì ti dúró nítorí òtútù. Mo ń gbọ́ èémí Verlin. Ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́.

Gbà. Gbà.

Ẹ̀yìn ọrùn mi gan-an ni. Àtẹ́lẹwọ́ ni, ó fẹ̀, ó sì balẹ̀ dáadáa, ọwọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lójú. Mo yí padà. Gíláàsì ni mo rí, àti ojú ọ̀run tó ti ń pupa.

“Máa lọ,” ni mo wí.

Ẹ́ńjìnnì kérora. Ọkọ̀ rìn díẹ̀, lẹ́yìn náà ni nǹkan fà wá sẹ́yìn pẹ́ẹ́, kó tó tẹ̀ lé wa. Gbogbo ẹni tó bá ti fa ilé rí mọ ìfà yẹn. Ó tẹ bíréèkì, nǹkan tì wá láti ẹ̀yìn. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sí ariwo. Ó kàn ń tẹ̀ lé wa ni, bí ilé ṣe ń tẹ̀ lé ọkọ̀.

A dé ẹnu ọ̀nà àgọ́. Verlin yà á. Ní ibi tí kọ́ọ̀nà ti há jù, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí ha gíláàsì ẹ̀yìn wa. Kẹ̀rẹ̀rẹ̀. Ó ń rọra ha á. Mo rí ìlà náà tó ń gùn sí i lára gíláàsì bó ṣe ń ha á.

“Dúró. Má yà á mọ́. Pa ẹ́ńjìnnì,” ni mo wí.

A sọ̀ kalẹ̀. Ìrì dídì ti bo ilẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ipa táyà wa wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ipa táyà mìíràn wà, méjì-méjì tó fara mọ́ra. Ó gé kọ́ọ̀nà náà sí inú ju tiwa lọ, bí táyà ilé ti máa ń ṣe. Ó tẹ̀ lé wa títí, ó sì dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ní ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ ilé dúró. Láàrin ibẹ̀ àti ọkọ̀, ìrì dídì wà láìsí ipa kankan lórí rẹ̀.

Marlys jáde pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́. Ó ti ń bú wa bọ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn, pé ta ló ń wọ́ ilé kọjá lẹ́nu ọ̀nà òun láìsọ fún òun. Ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wo ilẹ̀. Ó gbé ojú tẹ̀ lé ipa náà lọ, ó gbé e padà wá.

“Lowell,” ni ó wí, “ilé ọ̀hún dà?”

Ilé Ardith wà ní ààyè rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, iná Orrin ń tàn nínú rẹ̀. Kì í ṣe òun là ń fà. Títí di òní, n kò mọ ilé tí à ń fà. Marlys da kọfí rẹ̀ sílẹ̀, ó padà wọlé.

Ibẹ̀ ni Verlin ti jẹ́wọ́ fún mi. Ó sọ ti téèpù, ó sọ ti asúnsẹ́yìn tó tán, ó sọ irọ́ tó pa lé e. Ó bi mí bí òun ṣe lè tú nǹkan yìí kúrò.

Mo ní ibi tó ti so ó ni kó ti tú u.

“Ṣé mi ò lè lọ bá Ardith ní kọ̀rọ̀?”

“Ṣé kọ̀rọ̀ lo ti pa irọ́ náà?”

Ó wo bàtà rẹ̀. N kò ṣàánú rẹ̀. Àánú tí a bá fún ẹni tí kò tíì sọ òtítọ́, a jí i lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn ìkórè, ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí ẹni tó fẹ́ ra ilé yóò dé, gbogbo wa péjọ sí gbọ̀ngàn Marlys. Pọ̀tétò àti ẹran lílọ̀ tí wọ́n yan wà nílẹ̀, ẹ̀wà pupa aláta wà, àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi èso ápù ṣe náà wà. Ardith àti Orrin jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn, bí ẹni tó ti lọ tán. Láti ojú fèrèsé a rí ọkọ̀ Verlin tó ń bọ̀. Ó ń rìn bí ọkọ̀ tó fa ilé tó kún. Ó kọ́kọ́ fa ọkọ̀ jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ kó tó yà wọlé, lórí ilẹ̀ tó gba ọkọ̀ mẹ́ta. Àwọn kan fi ṣe ẹlẹ́yà pé Verlin ti gbàgbé pé kò sí nǹkan lẹ́yìn òun. Marlys kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín.

Ó wọlé, ó ní òun ní ọ̀rọ̀. Ó di àga kan mú.

“Ẹ ṣé,” ni ó wí. “Ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ yìí. Àṣìṣe máa ń wà nínú rẹ̀. Tí mo bá ti ṣẹ ẹnikẹ́ni láìmọ̀, nínú ìkọ́ tí mo tà, tàbí nínú ọ̀rọ̀ tí mo sọ…”

Gbà. Gbà.

Ìta ló ti wá, láti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Ṣíbí dúró lọ́wọ́ gbogbo wa. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìró yẹn. A bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú ara wa, kálukú ń wá ẹni tí kò sí níjòókòó. Gbogbo wa la wà níbẹ̀.

Marlys gbé ṣíbí ìbùjẹ rẹ̀ kalẹ̀.

“Verlin,” ni ó wí jẹ́jẹ́, “wọ́n ti ní ó wà lẹ́yìn rẹ. Máa lọ.”

Bí ẹ bá bi mí bóyá ìdí ọkọ̀ náà dìde lẹ́yìn náà, n kò mọ̀. Ìrì dídì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí bọ́, ó bo gíláàsì fèrèsé, nígbà tí a ó sì fi jáde, ó ti bo gbogbo ipa tó wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo ìta mọ́. Verlin fi àga sílẹ̀. Ó rìn lọ sí ìdí ilẹ̀kùn, ó dúró níwájú Ardith, ó sì gbé ohùn sókè kí ẹni tó jókòó jìnnà jù lè gbọ́.

“Ardith, ẹ̀yin lẹ wọn ọkọ̀ yín, ẹ sì wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Mo mọ̀ pé àyè yẹn ò tó. Mo ti mọ̀ kí n tó di bóòtù àkọ́kọ́ mọ́ ìkọ́ náà. Mi ò kìlọ̀ fún yín rárá. Irọ́ ni mo pa, àwọn tí mo pa á fún ló jókòó yìí. Orrin, èmi ni mo ba ojú yín jẹ́, kì í ṣe ìyàwó yín. Wọ́n mọ ọkọ̀ wà. Mo bẹ ẹ̀yin méjèèjì, mo bẹ gbogbo ilé. Ẹ má ta ilé yín. Ẹ jẹ́ kí n wá tú ìkọ́ mi kúrò lẹ́yìn yín.”