Àwòrán Inú Orí Jàmíátù

Ọjọ́ kejì Iléyá ọdún 1998, òórùn ẹran díndín ṣì gba gbogbo Ìlá-Ọ̀ràngún kan, ṣùgbọ́n Fáòsíátù aránṣọ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ han ayé ni.

"Jàmíátù, gba abẹ́rẹ́ yìí. Ti òwú bọ̀ ọ́."

Jàmíátù, tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá ṣọdún, fi itọ́ ra òwú lórí, ó wo ihò abẹ́rẹ́, ó tì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Alihamudulilahi!" Fáòsíátù pàtẹ́wọ́. "Ta ló ń ṣàìsàn níbí? Èmi tí mo bí i, mo ní láti wọ jígí kí n tó rí ihò yẹn!"

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ojú Jàmíátù kan ṣàdédé ṣú. Nígbà tó yá, ojú là, ó wá ku ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kú tipiri, kò mọ ilẹ̀ mọ́, kó tó tún jí padà. Ilé ìwòsàn lọ́hùn-ún fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí rẹ̀, wọ́n ní àrùn tí wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀mù-ẹ́ẹ̀sì ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní abẹ́rẹ́ oògùn. Láti ìgbà náà, àìsàn ò gbérí mọ́. Àmọ́ ọjọ́ tó bá ti gba oògùn yẹn, ibà ló ń bá a sùn. Wọ́n sì ti ní kó tún wá ya àwòrán mìíràn tó bá padà dé.

"Má lọ ya àwòrán kankan," ni Fáòsíátù wí. "Oògùn oníbà yẹn, jù ú nù. Àìsàn tó ti lọ, ṣé ó yẹ kí èèyàn tún máa tan iná wá a kiri? Tó bá gbọ́ tí wọ́n ń wá a ńkọ́?"

"Ìyá mi, ibà yẹn ti sú èmi náà," ni Jàmíátù dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Fáòsíátù létí bí ìrèké.

Ibẹ̀ ni Dókítà Oyèbísí ti wọlé. Ọmọ Ìlá ni, Ìbàdàn ló ti ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú. Ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì lọ.

"Ẹ kú ọdún o, Ìyá. Aṣọ mi dà?"

"Ó ti ṣe tán. Dúró ná."

Fáòsíátù yí inú aṣọ náà síta. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ tó ti kọ́ṣẹ́. Aṣọ tí kò bá tíì yí inú rẹ̀ wò kò ní jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi ìka tọ ojú rírán lọ, ó dé abíyá, ó dúró.

"Hàáà! Kò tíì lè lọ. Ó ti tú níbí."

"Ìyá, ó dáa lójú mi o!"

"Lóde ló ti dáa. Ìwọ ṣáà gbọ́wọ́ sókè láàárín èèyàn, wàá rí i. Jókòó."

Oyèbísí jókòó. "Mo gbọ́ yín láti ìta, Ìyá. Ẹ ní kí Jàmíátù má ya àwòrán mọ́."

"Ara rẹ̀ ti yá! Ó ti òwú bọ abẹ́rẹ́ lójú mi báyìí!"

"Lóde ló ti yá."

Ọwọ́ Fáòsíátù dúró. "Ìwọ ọmọ yìí! Ọ̀rọ̀ mi lo ń jù padà lù mí yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ yín dáa ni, Ìyá. Ẹ wo wáyà iná tó wà lókè yẹn, ṣé ẹ rí rọ́bà tó bò ó? Irú rẹ̀ ló bo iṣan inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kí wọ́n máa bá àìsàn jà ni wọ́n kọjú ìjà sí i, tí wọ́n ń jẹ ẹ́. Ibi tí wọ́n jẹ á di àpá. Àpá tuntun lè yọ kí ara má mọ̀ rárá, kí ojú máa ríran, kí ẹsẹ̀ máa rìn. Àwòrán nìkan ló máa rí i."

"Tó bá wá rí i ńkọ́?"

"Bí àpá tuntun bá ń yọ nígbà tó ṣì wà lórí oògùn, ó ń kìlọ̀ fún wa pé oògùn yẹn lè má ká a, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè burú lọ́jọ́ iwájú. Dókítà á tètè wá nǹkan ṣe. Bí kò bá sí tuntun, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn."

"Àwòrán ti wá di aríran?"

"Rárá o! Kì í búra fún èèyàn. Àmì ló ń fi hàn. Dókítà á tún wo bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń ríran mọ́ ọn."

Fáòsíátù rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò sì ní pe àìsàn náà padà wá?"

"Ìyá, ṣé yíyí tí ẹ yí aṣọ mi ló tú u?"

Jàmíátù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Fáòsíátù fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Ibà yẹn wá ńkọ́, Dókítà?" ni Jàmíátù bi í.

"Sọ fún àwọn tó ń tọ́jú rẹ. Ọ̀nà wà tí wọ́n fi ń dín in kù. Ìwọ ṣáà má dá oògùn dúró fúnra rẹ."

Fáòsíátù rán abíyá aṣọ náà, ó fà á wò dáadáa, ó gé òwú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Wàá lọ ya àwòrán yẹn. Aṣọ Oyèbísí ò lè níyì lọ́wọ́ mi ju orí ọmọ mi lọ."

Nígbà tí òjò ọdún náà ti dá, tí Jàmíátù ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù, Fáòsíátù lọ gba ìpè rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba tẹlifóònù. Àwòrán ti jáde. Àpá tuntun méjì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara Jàmíátù ò mọ nǹkan kan. Wọ́n ti yí oògùn rẹ̀ padà, wọ́n sì ti fún un ní ohun tó ń rọ ibà. Ó ṣì ń rìn, ó ṣì ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́.

"Abíyá ló ti tú!" ni Fáòsíátù pariwo. "Wọ́n sì tètè bá a! Alihamudulilahi!" Gbogbo èèyàn yíjú wò ó.

Ẹ̀yin ará Ìlá, Ọ̀rà, Ìgbájọ àti Iresi, ẹ gbọ́ o. Bí ojú yín bá ṣàdédé ṣú, tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ bá kú tipiri, ẹ má jókòó máa wá ẹni tó ṣe yín. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, kódà bó bá lọ fúnra rẹ̀. Àrùn yìí kò wọ́pọ̀ láàárín wa, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n, ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà ibi tí ẹ ti lè rí i. Ẹ má torí pé ara yá ju oògùn nù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá ya àwòrán, ẹ padà lọ, ara ìbáà le bí òkúta. Fáòsíátù kì í fojú òde nìkan wo aṣọ oníbàárà. Ẹ̀yin náà, ẹ má fojú òde nìkan wo orí ọmọ yín.