Sójà Tó Sá fún Síìpù

Ọjọ́ tí Sójà kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin aránṣọ kan, ṣòkòtò mẹ́ta ló gbé lé tábìlì. Ó ní kí ó bá òun gé ẹsẹ̀ òsì wọn ní orúnkún, kí ó sì rán ẹnu wọn pa. Bọ́ǹbù ló gba ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀ lójú ogun.

Aránṣọ wò ó tòkè tilẹ̀. Ó ní òun kì í ba aṣọ jẹ́. Kí ó lọ wọ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí ìjọba fún un, kí ṣòkòtò lè rí nǹkan bò.

Dípò kí Sójà bínú, ẹ̀rín ló rín. Ó ní, "Maṣíìnì yín ń jẹ òwú." Ìbọn ló máa ń tún ṣe nígbà tó wà nínú iṣẹ́ ológun. Ó tú maṣíìnì náà, ó nù ún, ó kán epo sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán jẹ́jẹ́. Aránṣọ, tí kì í yin ọkùnrin, ní ó dára. Lọ́jọ́ kejì, Sójà padà wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ìfẹ́ ṣe bá ibẹ̀ wọlé nìyẹn.

Kò pẹ́ tí gbogbo aránṣọ àdúgbò fi ń gbé maṣíìnì wá fún un. Ó ń tún un ṣe, ó ń súfèé. Ẹnìkan ṣoṣo ni kò fẹ́ gbọ́ súfèé náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló ń tọ́jú Sójà látìgbà tó ti ogun dé, bí a bá lè pe kí èèyàn sùn di ọ̀sán, kí ó jí, kí ó máa bi abirùn léèrè oúnjẹ ní ìtọ́jú. Òun ló ń bá a kọ fọ́ọ̀mù lọ́dọọdún fún ọ́fíìsì ìjọba tó ń san owó ọgbẹ́ ogun fún un. Sójà kì í kà á, ibi tí wọ́n bá nawọ́ sí ló ń fọwọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ tí ọ́fíìsì bá gbọ́ pé ó mú tọ́nàfíìsì dání láti ṣiṣẹ́, owó ọgbẹ́ ogun rẹ̀ parí nìyẹn. Ó ní obìnrin tó ń kó o síṣẹ́, ebi ló fẹ́ fi pa á, òun kò sì ní bá a tọrọ irú ìyàwó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù ba Sójà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn kọ́tìnì. Ìyá aránṣọ náà bá tirẹ̀ dé, ó ní òun kò bímọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni ń jalè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé, táì lọ́rùn, fáìlì lábíyá. Kí aránṣọ tó kí i, Sójà ti wà lábẹ́ tábìlì. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá nìkan ló kù síta, tòun ti bàtà. Ọkùnrin náà wo bàtà, ó wo aránṣọ, ó ní síìpù òun ló bàjẹ́. Aránṣọ pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Nígbà tí onísíìpù lọ tán, ó ní kí Sójà jáde.

Sójà jáde, èérún aṣọ kún orí rẹ̀. "Àyànfẹ́ mi, mo rò pé ará ọ́fíìsì ni."

"Ẹ má pè mí ní àyànfẹ́. Ẹ dojú kọ ìbọn, ẹ ò sá. Síìpù lẹ wá sá fún. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, òun ló ń dùn mí, àmọ́ mi ò ní fẹ́ ọkọ tí màá máa wá lábẹ́ tábìlì."

Aránṣọ kó irinṣẹ́ Sójà sínú ọ̀rá, ó fi lé e lọ́wọ́. Nígbà tí Sójà lọ, aránṣọ sunkún, ó sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹkún náà.

Lọ́jọ́ kẹta, Sójà padà dé, ó ti fárùngbọ̀n. Ó ní, "Sìn mí lọ sí ọ́fíìsì. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé mò ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ dá owó náà dúró, kí wọ́n dá a dúró. Ẹsẹ̀ ni mo pàdánù, mi ò pàdánù ọwọ́."

Akọ̀wé ọ́fíìsì ń gé èékánná, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Sójà sọ tirẹ̀ tán. Akọ̀wé ṣí fáìlì, ó pòṣé.

"Ta ló ní kí ẹ má ṣiṣẹ́? Owó ọgbẹ́ ni tiyín. Bí ẹ ṣiṣẹ́ títí, ẹsẹ̀ ò ní hù padà. Àwọn tó ń gba owó àìlèṣiṣẹ́ rárá ni iṣẹ́ ń dá tiwọn dúró." Ó ṣí ojú ìwé kejì. "Owó olùtọ́jú nìkan ni kò ní wá mọ́. Ẹ̀gbọ́n yín ló ń gbà á. Ó kọ ọ́ pé ẹ ò lè dá wẹ̀, pé òun ló ń fi ṣíbí bọ́ yín."

Sójà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n fún òun ní bírò. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun ń dá wẹ̀, òun ń dá jẹun, iṣẹ́ òun sì ni títún maṣíìnì ṣe. Aránṣọ kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀, ìfẹ́ Sójà sì tún kún ọkàn rẹ̀.

Ìyá aránṣọ gbà kí wọ́n fẹ́ra. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ̀gbọ́n jókòó síwájú, ojú rẹ̀ le koko. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé; owó olùtọ́jú ti dúró, ẹ̀gbọ́n ti ń wáṣẹ́ láti oṣù kan, kò sì mọ iṣẹ́ kankan. Ìyàwó kúnlẹ̀ fún un, nítorí wọ́n kọ́ ọ nílé. Orúnkún rẹ̀ kí i dáadáa, ojú rẹ̀ kò kí i rárá.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ta ni yóò wá máa tọ́jú àbúrò mi?"

"Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n wa. Abẹ́ tábìlì wa ti ṣófo báyìí. Bí ẹ bá ṣì ń wáṣẹ́, ẹ wá máa gbá èérún ibẹ̀."

Ìyàwó dìde, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, wọ́n sì jáde lọ ya fọ́tò.